Àríyànjiyàn Tí Ardis Haugen Ń Wá

Ardis Haugen ló ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní fisíìsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, ní àríwá Minnesota. Kẹ́mísìrì lèmi ń kọ́, ògiri kan ṣoṣo ló sì pín kíláàsì wa níyà. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó jókòó nínú yàrá kan ní yunifásítì ìlú mìíràn, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jiyàn kíkan kíkan lórí ìdí tí òṣùpá kò fi já lulẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn rẹ̀ ti ń fà sí irú ariwo bẹ́ẹ̀. Kò gbọ́ ọ mọ́.

Kì í ṣe pé kò gbìyànjú. Ó pa àlàyé gígùn tì. Á béèrè ìbéèrè kan, káwọn ọmọ gbé káàdì pupa tàbí káàdì aláwọ̀ ewé sókè, kí kálukú wá kọjú sí ẹni tí káàdì wọn yàtọ̀, kó sì yí i lérò padà. Níbòmíràn, kíláàsì á dà rú. Àmọ́ lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ará ibí kì í sọ fún ará ibí pé o ṣì í. Bó o bá ní dúdú ni yìnyín, a ó ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwa la mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ̀jẹ̀ sínú tu itọ́ funfun.

Lọ́jọ́ kan, ó bi wọ́n pé bí èèyàn bá ti òkúta lórí yìnyín, tọ́wọ́ rẹ̀ sì ti kúrò lára rẹ̀, kí ló ṣì ń tì í lọ? Mo ń gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn ògiri.

"Mo rò pé agbára ọwọ́ ṣì wà nínú ẹ̀," Tanner Koskela wí, géńdé tó fẹ́ ṣe wẹ́dà.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," Brynn Aho dáhùn, èyí tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì. "Èmi rò pé kò sí nǹkan kan tó ń tì í mọ́."

"Ìyẹn náà dáa."

Ó parí. Ó ṣe mí bíi kí n lọ fọ́ àwọn méjèèjì létí.

Ardis wọlé wá mu kọfí lọ́dọ̀ mi. "Ọdún yìí ni mò ń fẹ̀yìn tì," ó ní. "Báwọn wọ̀nyí ò bá jiyàn, ó ti bọ́ nìyẹn."

"Kí wọ́n sáà yege. Ṣé ìyẹn ò tó ẹ ni?"

"Kò tó mi. Àárò ariwo yẹn ń sọ mí bí ẹni pé èèyàn ni."

Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí yìnyín nìkan la ti ń pariwo mọ́ra wa nílùú yìí, níbi eré òkúta. Níbẹ̀, ẹnì kan á ti òkúta ńlá, á fi sílẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fi ìgbálẹ̀ ha yìnyín iwájú rẹ̀ kó lè dé inú àmì roboto. Ọmọ lè jágbe mọ́ bàbá rẹ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bínú. Ardis gbé ife kọfí sílẹ̀, ó ń wò mí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ sí ilé eré òkúta. Mo tẹ̀ lé wọn. Brynn fi òkúta sílẹ̀, Tanner di ìgbálẹ̀ mú, kò ṣe nǹkan kan.

"Gbá a, jàre. Ṣé oorun ń kùn ẹ́ ni?"

"Kí ni mo fẹ́ gbá? Agbára tó o fi sínú ẹ̀ á gbé e débẹ̀."

"Agbára wo? Mo ti fi í sílẹ̀. Yìnyín ló ń dá a dúró."

Òkúta dúró kó tó dé àmì.

"Ṣó o rí i? Agbára ẹ̀ ló tán."

"Ohun tí kò sí níbẹ̀, báwo ló ṣe máa tán? Olórí kunkun."

Àwọn tó kù dá sí i. Àwọn kan gbè sẹ́yìn Tanner, àwọn kan ní kò mọ nǹkan kan. Ariwo gba gbogbo ilé. Omijé lé sójú Ardis.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kan," ó wí.

"Ẹ dúró ná, Tíṣà," Brynn dá a lóhùn, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Wọ́n gbé ìjà náà jáde sínú yìnyín tó ń bọ́. A gbọ́ ìró ilẹ̀kùn ọkọ̀ wọn, a ṣì ń gbọ́ ohùn wọn. Ó ku èmi àti Ardis nínú ilé òtútù yẹn.

"O ti gbọ́ ọ," mo sọ fún un. "Ohun tó ò ń wá ti dé."

"Mo gbọ́ ọ." Ó ń wo ẹnu ọ̀nà. "Mo ti rò pé èmi náà á wà nínú ẹ̀ ni."