Èéyi Tí Kì í Ṣe Èéyi

Ṣílè kan àti sísì ló ń ra ìgò oògùn mi fún oṣù kan nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Owó tí mo ń san fún páálí kan lónìí ní ilé ìtajà oògùn ní Alágbàká, bí mo bá ní in lọ́wọ́ nígbà náà, ǹ bá fi ra ilẹ̀ sí Oǹdó, kí n sì fi ìyókù ra kẹ̀kẹ́. N kò ráhùn. Oògùn náà ló sìn mí dé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin.

Láti ọmọ ogún ọdún ni wárápá ti ń bá mi gbé. Nígbà náà, wọ́n á ya abọ́ ẹni tó bá ní in sọ́tọ̀, wọ́n á sì máa sá fún itọ́ rẹ̀. Àwa mẹ́rin la jọ ń gbé yàrá kan ní yunifásítì, kò sì sí ẹni tó ya abọ́ mi sọ́tọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Oǹdó, ló máa ń fi ẹ̀gbẹ́ mi lélẹ̀ tí mo bá ṣubú, á jókòó tì mí títí ojú mi á fi wálẹ̀. Nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, mo ń da oògùn náà gba ojú fèrèsé, torí ó ń mú kí oorun máa kùn mí, kò sì jẹ́ kí n kàwé. Ní ọjọ́ kẹrin, inú gbọ̀ngàn ìdánwò ni mo ṣubú sí. Òun ló gbé mi jáde.

Lọ́dún yìí, dókítà pààrọ̀ oògùn mi, torí pé èyí tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ ti ń mú mi ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí mo bá ń rìn. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé bí nǹkan bá sú sí mi lára, kí n má dúró de ọjọ́ àdéhùn. Mo mi orí bí ẹni tó gbọ́.

Ní ọjọ́ kejìlá tí mo bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun náà, àyà mi sú, ibà sì wọlé. Ọmọ-ọmọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ èéyi nínú ilé wa ní Ọ̀bà-Ilé, nítorí náà ìyàwó mi ní ọmọ náà ló kó o ràn mí. Ó gbé àdín, ó fi pa mí láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ní n kò gbọdọ̀ wẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Òórùn àdín yẹn gbé mi padà sí ẹ̀hìnkùlé ìyá mi. Mo dùbúlẹ̀, mo sì ń lo oògùn mi lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ẹnu mi bẹ̀rẹ̀ sí í dá egbò. Ọjọ́ náà ni ọ̀rẹ́ mi ọmọ Oǹdó, tí a jọ gbé yàrá, yà kí wa, bó ṣe máa ń ṣe lóṣooṣù.

“Ìyàwó wa, kí lẹ fi pa á tó ń dán bí àkàrà?”

“Èéyi ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má sún mọ́ ọn.”

“Èéyi, lára arúgbó yìí?” Ó jókòó sétí ibùsùn, kò rẹ́rìn-ín mọ́. “Ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ oògùn rẹ?”

Ìgbà náà ni mo rántí nọ́ọ̀sì. Mo ní màá kúkú da ìyókù nù.

“O tún fẹ́ dà á gba ojú fèrèsé. Wọ aṣọ rẹ.”

Kò mu omi tí wọ́n gbé fún un. Takisí ló gbé wa dé ilé ìwòsàn. Dókítà ní oògùn tuntun náà ló fà á, pé bí a bá tún dúró sí i, awọ ara mi lè máa bó. Òun fúnra rẹ̀ ló dá a dúró, ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí wárápá má baà ráyè. Ó wá bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ pé bí oorun bá ń kùn mí, bí òòyì bá ń kọ́ mi, tàbí tí mo bá ń rí nǹkan ní méjì-méjì, kí a wá sọ fún òun. Ṣùgbọ́n bí ara mi bá sú, bí ẹnu mi bá dá egbò, tàbí bí ayé bá sú mi lójijì, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí a tó wá. Ìyàwó mi béèrè bóyá àdín ló ba nǹkan jẹ́. Dókítà ní àdín kò ṣẹ̀, dídúró tí a dúró ló ṣẹ̀.

Ara mi ti dán báyìí, láìsí àdín. Nínú àwa mẹ́rin inú yàrá yẹn, ẹni tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ti lọ nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì kéré. Ẹni tó ń se ìrẹsì fún wa sùn, kò jí, ní Ipogun lọ́dún tó kọjá. Ọmọ Oǹdó wà. Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀, èmi náà wà.