Odomèta Kò Sí Lójú Ọ̀nà Kpankou

Oṣù kẹjọ tí mo dé ilé ọkọ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàkíyèsí pé èmi àti ọkọ mi kò tíì jókòó jẹun pọ̀ rí, àwa méjì péré. Kì í ṣe pé ìjà wà láàárín wa. Ilé ló kún. Nínú agboolé wọn ní Kétu, ìyá ọkọ mi wà níbẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ọkùnrin wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ wọn, àbúrò bàbá wọn obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kú náà sì wà níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń jẹun níta, àwa obìnrin ń jẹun nídìí àdògán. Ògiri tó wà láàárín yàrá wa àti ti ìyá ọkọ mi kò sì kan òrùlé. Bí ọkọ mi bá sín, wọn á kí i láti ọ̀hún.

Níwájú èèyàn, “ẹ” ni mo ń lò fún un, bí ìyàwó tó mọ̀wà hù ṣe ń ṣe. Bí èèyàn kò sì ti ń tán níwájú wa, “ẹ” náà ni mo ń lò ní yàrá, kí wọ́n má baà gbọ́ nǹkan mìíràn lókè ògiri.

Dahomey, orílẹ̀-èdè wa, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nígbà náà. Àsíá tuntun tó wà níwájú ilé-ìwé tí ọkọ mi ti ń kọ́ àwọn ọmọ kò tíì ṣá. Nígbà tí ọyẹ́ mú, tí ìsinmi ilé-ìwé ń bọ̀, ìyá mi ránṣẹ́ láti abúlé wa, lẹ́yìn Kpankou, pé àárò mi ń sọ òun, kí n wá kí wọn. Ọkọ̀ akẹ́rù kan máa ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Ó ń gba ọ̀nà ńlá, ọ̀nà pupa yẹn, a sì máa dé kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n òórùn epo ọkọ̀ kò bá mi lára mu. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé mi bọ̀ nílé ọkọ, mo bì sára aṣọ obìnrin tó sin mi wá.

Èébì yìí ni ọkọ mi dì mú. Ó sọ ọ́ níwájú gbogbo ilé pé a kò ní wọ ọkọ̀, kẹ̀kẹ́ òun la ó gùn lọ. A kò sì ní gba ọ̀nà ńlá rárá, nítorí eruku ọkọ̀ á bò wá lórí kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà oko la ó gbà. Gbogbo wọn ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́gbọ́n mu.

Ọkọ mi kì í fi nǹkan ṣeré. Ó mú kàyé kan, irú ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń ṣe iṣẹ́, ó ṣí i sí àárín gbùngbùn, ó kọ Kétu sí igun kan, ó kọ ilé bàbá mi sí igun kejì. Àárín méjèèjì ṣófo. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀ kí òun kún un.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti jáde ní ilé-ìwé, kì í wálé mọ́. Ó ń lọ bá àwọn tó mọ igbó. Ọdẹ kan sọ fún un pé kí a yà sọ́wọ́ òsì níbi igi ìrókò ńlá kan. Àwọn obìnrin tó ń ta igi ìdáná ní irọ́ ni, pé ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn máa ń yà, pé igi arère sì ni igi yẹn. Ọkùnrin kan tó ń ra ẹ̀wà kiri oko kò tilẹ̀ ka igi rárá. Omi ló ń kà. Lórí ilẹ̀ tiwa, omi jìn nísàlẹ̀ púpọ̀, ẹni tó bá ń rìn nígbà ọyẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ilé tí omi òjò ṣì kù nínú ìkòkò wọn.

“Ní abúlé àkọ́kọ́,” ọkùnrin náà sọ, “ẹ béèrè ìyá tó ní ewúrẹ́ funfun. Wọ́n láàánú, wọ́n á fún yín mu. Ní ìkejì, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú.”

Ọkọ mi kọ gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó pè mí sí yàrá, ó tẹ́ kàyé sórí àpótí aṣọ mi. Mo wo ìlà tó fà. Ìlà náà jáde ní Kétu, ó yí lọ sápá abúlé Odomèta, ó rìn káàkiri oko níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ padà wá sí Kétu, kó tó wá dà bí ẹni tó rántí Kpankou.

“Ṣé ẹ rí i bó ṣe gùn tó?” mo bi í.

“Ẹwà ọ̀nà ló mú un gùn,” ó ní. Kò wo ojú mi. “Wọ́n ní òwú ti là lẹ́yìn Odomèta, pé gbogbo oko ló funfun. Igi ẹ̀mí tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí pọ̀ níbẹ̀, a ó máa rìn lábẹ́ ibòji. Ọjọ́ méjì ni.”

“Ọjọ́ méjì?”

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ọjọ́ méjì gbáko.”

Ìyá ọkọ mi wúkọ́ lọ́hùn-ún. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Mo bo ẹnu mi, mo sì ń wo ọkùnrin yìí bíi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i, òun àti pẹ́ńsù tó fi há etí. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti ń da gbogbo ìlú láàmú, kí ó lè rí ibi tí a ó ti wà láìsí ẹnikẹ́ni.

Ó kù díẹ̀ kó bàjẹ́. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, àbúrò bàbá wọn obìnrin wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní òun náà á bá wa lọ, pé kò dára kí ìyàwó tuntun máa rin inú igbó láìsí obìnrin àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ mi yára pa kàyé rẹ̀ dé. Ìyá rẹ̀ ló dáhùn láti àgbàlá.

“Orí kẹ̀kẹ́ wo? Ìwọ tí o kì í dé ọjà kí o má tíì jókòó lẹ́ẹ̀mẹta?”

“Màá jókòó, wọn á dúró dè mí.”

“Ẹ̀pà mi ńkọ́, tó wà nílẹ̀? Ta ni yóò bá mi pa á? Àbí o fẹ́ kí eku pa á fún mi?”

Wọ́n bá ara wọn fà á títí, àbúrò bàbá wọn sì gbà láti dúró ti ẹ̀pà, ṣùgbọ́n kò kí mi dáadáa títí a fi lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń gún elùbọ́ nígbà tí ìyá ọkọ mi wá dúró tì mí.

“Ìyàwó,” wọ́n ní, “Kétu yìí ni wọ́n bí mi sí. Odomèta kò sí lójú ọ̀nà Kpankou.”

Mo dorí kodò. “Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

“Ṣé ọmọ mi mọ̀?”

“Wọ́n mọ̀, Ìyá.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu wọn rí. Wọ́n fa àpótí kan, wọ́n jókòó. “Èmi àti bàbá rẹ̀ gbé pọ̀ títí ó fi kú. Ẹ̀ẹ̀kan péré la jọ rìn, àwa méjì. Eyín ló ń dùn mí, ó wá mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń yọ eyín, ó jìn díẹ̀. Ẹnu mi wú, mi ò lè fọhùn. Òun ló ń sọ̀rọ̀ láti ilé débẹ̀, òun náà ló ń sọ ọ́ bọ̀. Mi ò mọ̀ pé ó ní ọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú. Nígbà tí a padà délé, kò sọ ọ́ mọ́.”

Mo dá ọmọ odó dúró. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn. “Ibì kan wà lẹ́yìn oko Odomèta tí a máa ń ru àgbàdo gbà nígbà tí mo wà lọ́mọge. Ilẹ̀ á kàn ṣàdéédé rẹlẹ̀ níwájú rẹ, wàá máa wo orí igi láti òkè, títí dé ibi tí ojú kò lè dé mọ́. Sọ fún un kó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.”

A gbéra ní kùtùkùtù, kí ọyẹ́ tó ká. Mo jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, mo di ọkọ mi mú níbàdí, iṣu sísun àti àkèrègbè omi wà nínú àpò níwájú. Bí a ti kọjá ilé tó gbẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, kò sì mọ orin kọ. Lóòótọ́ ni òwú ti là. Ó funfun lọ lápá ọ̀tún, lápá òsì, àwọn tó ń ká a sì dìde dúró wò wá, nítorí kò sẹ́ni tó ń gun kẹ̀kẹ́ gba ibẹ̀. Níbi tí yanrìn bá ti pọ̀, a ó sọ̀ kalẹ̀, a ó tì í. Ìyá tó ní ewúrẹ́ funfun wà nílé, ó fún wa lómi, ó sì bi wá bóyá ó ti rẹ̀ wá.

Ibi igi ìrókò ni wàhálà wà. A dé oríta náà, kò sí ìrókò, kò sí arère. Wọ́n ti dáko síbẹ̀, gbogbo ilẹ̀ ti di ebè, ọ̀nà méjèèjì sì ti parẹ́ sínú rẹ̀. Ọkọ mi ṣí kàyé, ó yí i po, ó wo oòrùn, ó tún yí i padà. Ó ní kí a gba ọwọ́ òsì. A gbà á títí, ó mú wa yí, a tún padà bọ́ sínú ebè kan náà. Oòrùn ti mú, ẹsẹ̀ mi ti bó.

“Ìwọ ọkùnrin yìí,” mo ké, “gbogbo Kétu lo béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ wọn, síbẹ̀ o kò mọ ibi tí à ń lọ!”

Mi ò gbàgbọ́ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi yíjú padà, ó wò mí, mo rò pé inú máa bí i.

“Kí lo pè mí?” ó bi mí.

Mo tẹjú mọ́ ebè.

“Tún un pè.”

“Ìwọ,” mo ní.

Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó gbé kẹ̀kẹ́ jù sílẹ̀, ó jókòó sórí ebè olóko, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà jókòó tì í. A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Láti ìgbà náà, “ìwọ” ni mo ń pè é níbikíbi tó bá ti ku àwa méjì.

Obìnrin kan tó ń bọ̀ látinú oko ló fi ọ̀nà hàn wá. Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó dé ibi tí ìyá ọkọ mi wí. Ilẹ̀ rẹlẹ̀ lóòótọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọyẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. A kò rí orí igi kan. Gbogbo rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n da eérú síwájú èèyàn. A jókòó síbẹ̀ náà, a tú iṣu sísun, a bu epo sí i, a jẹ ẹ́ nínú ewé kan ṣoṣo. Ó ń bó èèpo fún mi, ó ń sọ nípa ìgbà èwe rẹ̀, bó ṣe máa ń sá fún omi tútù láàárọ̀, bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́kọ́ mú un lọ ilé-ìwé, tó sì sunkún di ọ̀sán. Mo gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́ láti oṣù mẹ́jọ. Mo ń fọkàn sí i pé kí ọyẹ́ náà má tíì ká.

Ní ìrọ̀lẹ́, a dé abà kan tí bàbá arúgbó kan àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Bàbá náà wo kẹ̀kẹ́, ó wo ẹrù wa, ó wo ọ̀nà tó wà lẹ́yìn wa.

“Ta ló ń lé yín?” ó bi wá.

“Kò sẹ́ni tó ń lé wa, Bàbá,” ni ọkọ mi dáhùn.

“Ẹni tó bá ń sá fún ọ̀nà ńlá, nǹkan ló ń sá fún. Láyé àwọn òyìnbó, àwọn tó ń sá fún owó orí ló ń gba ibí. Mo ti fi wọ́n pamọ́ rí.”

“Òmìnira ti dé, Bàbá. Ilé àna mi là ń lọ.”

Bàbá náà kò gbà á gbọ́. Ó ní kí a gbé kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀yìn àká, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Ìyàwó rẹ̀ wò mí, ó wo ọwọ́ tí ọkọ mi fi gba àpò lórí mi, ó sì rẹ́rìn-ín. “Fi wọ́n sílẹ̀,” ó sọ fún bàbá náà. “Kò sẹ́ni tó ń lé wọn.” Ó bu omi fún wa nínú ìkòkò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, ó yọ̀ǹda yàrá àgbàdo fún wa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò jẹ́ kí a gbálẹ̀ fún òun. Ó ní kí a tètè máa lọ kí oòrùn tó mú.

Ọjọ́ kejì kò le tó ti àkọ́kọ́. Táyà bẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ mi lẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí àwọn adìẹ ń wọlé la dé abúlé wa. Ìyá mi sáré jáde, ó di mọ́ mi, ó bú mi nítorí eruku ara mi, ó sì tún di mọ́ mi. Bàbá mi wá bi wá pé ọkọ̀ wo ló gbé wa tí àwọn kò gbọ́ ìró rẹ̀.

Wọ́n pín wa lójú ẹsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ọkọ mi lọ bá àwọn ọkùnrin lábẹ́ igi, èmi bá ìyá mi wọ ilé ìdáná. Láti ibi tí mo ti ń rokà, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ń ka ọ̀nà tí a gbà fún bàbá mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbá mi sì ń dá a dúró pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gba ibẹ̀, pé ọ̀nà mìíràn wà tó tún gùn ju ìyẹn lọ, tó gba etí igbó, tí ọ̀bọ pọ̀ níbẹ̀. Mo gbọ́ tí ọkọ mi ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ tún un sọ, kí n kọ ọ́.”

Ìyá mi gba omorogùn lọ́wọ́ mi. Ó ní ọkà mi ti ń di kókó, kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín?