Bí Gbénga Ṣe Bá Mi Lọ Wo Ọkọ̀ Tó Ń Kọlu Ọkọ̀

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán nígbà tí Gbénga tẹ fèrè ọkọ̀ nísàlẹ̀ ilé wa ní Thamesmead. Mo sáré yọjú lójú fèrèsé, mo ju ọwọ́ sí i pé kó dákẹ́, kó má jí òyìnbó ìsàlẹ̀, ẹni tó máa ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá àtẹ̀gùn wa. Ọkọ̀ tuntun ni Gbénga gbé wá. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ara lè tù mí, ẹ̀yin ará ilé: èmi ni mo kọ́kọ́ dé ìlú òyìnbó yìí. Èmi ni mo lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, orí àga pálọ̀ mi ló sì ń sùn kó tó rí ilé ní Woolwich Dockyard. Lónìí, èmi ń wa bọ́ọ̀sì tí kì í ṣe tèmi, òun ń wa ọkọ̀ tó ń bá a sọ̀rọ̀, tó ń júwe ọ̀nà fún un.

Mi ò tiẹ̀ pè é. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ti gbọ́ pé mò ń lọ wo eré ọkọ̀ ní ìgbèríko Kent, láti Sátidé dé Sọ́ńdè. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, máa wà lẹ́nu iṣẹ́ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ náà ní ọsibítù ẹ̀gbẹ́ Woolwich Common, ni ó bá ní òun á tẹ̀lé mi. Mo fẹ́ sọ pé rárá, àmọ́ mo rántí pé bí mo bá gba Woolwich Arsenal wọ ọkọ̀ ojú irin, mo ṣì máa fi ẹsẹ̀ rìn jìnnà kí n tó débẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ sir," ó ní. "Traffic ò sí, before ẹ mọ̀, a ti débẹ̀."

Kúlà ràbàtà kan wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó kún fún mọ́ínmọ́ín àti adìyẹ díndín. Mo bi í pé àwa mélòó la fẹ́ jẹ gbogbo ìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, a kì í lọ bá èèyàn lọ́wọ́ òfo now."

"Ta lo mọ̀ níbẹ̀?"

"Mi ò tíì mọ ẹnikẹ́ni," ó ní, ó sì ki ọkọ̀ sọ́nà.

Títì A2 la gbà. Ọ̀nà náà tẹ́jú, kò sí kòtò, kò sí ẹni tó na igi sójú ọ̀nà láti béèrè nǹkan. Nígbà tí a yà sí ọ̀nà abúlé, oko àgùntàn ló kù lọ́tùn-ún lósì. Ogún pọ́n-ùn ni ẹnì kan ń san ní ẹnu ọ̀nà. Ibi tí a gbé ọkọ̀ sí, orí koríko, ọ̀fẹ́ ni, ibẹ̀ náà la sì pa àgọ́ sí. Ànàmọ́ díndín inú abọ́ pépà jẹ́ pọ́n-ùn márùn-ún, kò sì ní ata.

Bóyá ẹ ò mọ irú eré tí mò ń wí. Stock car ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ àtijọ́ ni wọ́n ń lò, wọ́n á yọ gbogbo dígí rẹ̀, wọ́n á jó irin mọ́ ọn níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n á kun ún ní ọ̀dà, wọ́n á kọ nọ́ńbà sí i lórí. Wọ́n á wá máa sáré yípo pápá kan tó jẹ́ ilẹ̀ lásán. Bí ẹnì kan bá wà níwájú rẹ, o lè fi ọkọ̀ rẹ gbá a dànù lọ́nà, òfin gbà á. Tí eré bá parí, wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́. Èmi tí mò ń wa bọ́ọ̀sì, tí mo bá fi dígí ẹ̀gbẹ́ kan òpó iná lásán, màá ṣàlàyé títí ẹnu mi á fi bó. Ẹ ò rí i pé mo gbọ́dọ̀ fẹ́ràn irú ibẹ̀ yẹn. Ilẹ̀ pápá náà sì pupa. Níbi tí mo ti ń bọ̀, nílé, ọ̀nà oko bàbá mi pupa bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí eruku yẹn kọ́kọ́ bà mí láṣọ, mi ò fẹ́ fọ̀ ọ́.

Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń lọ. Ẹ̀gbẹ́ òpó irin kan níbi kọ́nà ni mo máa ń dúró sí, ti èmi ti fìlà mi tí mo kọ 86 sí. Terry ló ń wa nọ́ńbà 86, ọkùnrin tí irun rẹ̀ ti funfun tó ń wakọ̀ bí ọ̀dọ́. Òpin ọ̀sẹ̀ yìí ló fẹ́ fi fẹ̀yìn tì. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kí n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí n sọ fún un pé mo ti ń wò ó láti ọdún mẹ́fà wá. Ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe ò ju ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí òpó mi, ẹnikẹ́ni tó bá ti sanwó ẹnu ọ̀nà ló lè wọ ibẹ̀. Mi ò wọ ibẹ̀ rí. Mo ti kọ́ ìwà ìlú yìí délẹ̀: má wo ojú ẹni tí o ò mọ̀, má dá sí ohun tí kò kàn ọ́.

Gbénga ò kọ́ ọ. Bó ṣe dé tòun ti kúlà lórí, ẹsẹ̀ méjì ló rí tó yọ lábẹ́ ọkọ̀ nọ́ńbà 86. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Well done o," ó ní. "Ẹ kú iṣẹ́."

Linda ló yọ jáde, ìyàwó Terry, gíríìsì kún ojú rẹ̀. Ó bi í pé ṣé òun ló ń bá sọ̀rọ̀. Gbénga ní bẹ́ẹ̀ ni, pé níbi tí àwọn ti wá, wọn kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i. Obìnrin náà jókòó sórí táyà, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní látìgbà tí òun ti ń wọ abẹ́ ọkọ̀ yìí, awakọ̀ nìkan ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Mò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ ní ìdí òpó mi. Kò pẹ́, Terry fúnra rẹ̀ mú mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́, ó ń fi ṣíbí bù ú jẹ, ó ń mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n Túndé, ẹ wá now!" Gbénga pariwo.

Mo ní ibi tí mo wà tẹ́ mi lọ́rùn. Irọ́ ni. Owú ló dè mí mọ́ ibẹ̀. Ohun tí mo fi ọdún mẹ́fà wò lókèèrè, ọmọ yìí fi kíkí kan gbà á, kí n wá máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn lọ sọ́dọ̀ Terry bí ẹni tó wá tọrọ? Mo jẹ ànàmọ́ aláìláta mi. Terry ò ṣe dáadáa lọ́jọ́ náà, wọ́n gbá a sínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Àárọ̀ Sọ́ńdè ló wá burú jù. A ò lè lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ni Gbénga bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà níwájú àgọ́, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń rìn síwá sẹ́yìn. Linda gbọ́ ọ. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó wá gbàdúrà fún eré ìkẹyìn ọkọ òun. Gbénga gbé ọwọ́ lé táyà iwájú, ó bá ẹ́ńjìnnì wí, ó bá bíréèkì wí, gbogbo àwọn òyìnbó tó dúró yí i ká ní "Amen." Láti ìgbà náà lọ, Pastor ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí kò tíì di díákónì!

Ẹ má fojú burúkú wò mí. Níbi tí mo dúró sí, tòun ti fìlà 86 lórí mi, mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí 86 má gbégbá orókè. Bó bá gbégbá orókè pẹ́nrẹ́n, Gbénga ló ni ín. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Mo mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ju àsíá. Terry wà lẹ́yìn pátápátá. Ó ń kọjá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, eruku bo gbogbo wa, títí ó fi ku ọkọ̀ búlúù kan níwájú rẹ̀. Níbi kọ́nà tèmi gan-an ló ti fi imú ọkọ̀ gbá ìdí ọ̀hún, tìyẹn ya sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó sì kọjá. Mo ti ń pariwo orúkọ rẹ̀, mo ti ń fo sókè, kí n tó rántí pé mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí 86 ti gbégbá orókè, wọ́n gbé Terry sẹ́yìn lọ́rì tí wọ́n fi ń bu omi rin pápá, kó fi yí ibẹ̀ ká, kó dágbére. Linda gùn ún. Terry tún nawọ́: "Pastor, gòkè wá." Gbénga ti gbé ẹsẹ̀ kan lé e. Ó wẹ̀yìn, ó rí mi, ó sì sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀ yẹn," ó wí fún wọn. "Òun ló mú mi wá. Mi ò lè gùn ún kó wà nílẹ̀."

Terry wo fìlà orí mi. Ó ní, "Ìwọ ni ẹni ìdí òpó? Linda máa ń wá ọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti rí ọ, á ní ẹni tiwa ti dé. A rò pé o ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ lẹ́nu ni."

Gbénga fà mí lọ́wọ́ gòkè, lọ́rì gbéra, Terry bọ̀ mí lọ́wọ́, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Gbénga ni mo ti gba ìdùnnú náà, ìyẹn sì ń ta mí lára.

Bí a ṣe ń bọ̀ wálé lójú títì, mò ń rò ó. Gbénga ò ní ju ẹ kú iṣẹ́ lọ, ìyá tó bí mi náà sì fi kọ́ mi. Èmi ni mo gbé e sọnù nítorí kí n lè bá ìlú yìí mu. Mo pinnu pé òyìnbó ìsàlẹ̀ wa ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí a dé Thamesmead, ó wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn lóòótọ́, ó dojú kẹ̀kẹ́ kan délẹ̀, ó ń fi epo sí ṣéènì rẹ̀. Mo bọ́ sílẹ̀, mo tún ọ̀fun ṣe.

"Mr Paul, well done sir!" Gbénga ti sọ ọ́ láti ojú fèrèsé ọkọ̀. "This bicycle never finish?"

"Ó kù díẹ̀, Gbénga," ọkùnrin náà dáhùn.

Gbénga tí kì í ṣe ará ilé yìí! Ó juwọ́ sí wa, ó wakọ̀ rẹ̀ lọ. Mo dúró síbẹ̀, eruku pupa ṣì wà lára fìlà mi. Mo wo ọwọ́ ọkùnrin náà bó ṣe ń yí ṣéènì.

"Well done," mo ní.

Ó gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Orúkọ tiyín ńkọ́?"