Ọjọ́ tí Àgbáǹréré Wa Bímọ

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láéláé ni ọjọ́ Sátidé tí Mínà bímọ.

Ọgbà ẹranko ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mínà jẹ́ àgbáǹréré oníwo kan ṣoṣo, irú ti ilẹ̀ Íńdíà. Irú wọn kò pọ̀ mọ́ láyé, nítorí àwọn ọdẹ ń pa wọ́n torí ìwo imú wọn. Oyún rẹ̀ ti lé ní ọdún kan.

Èmi àti Mummy ń ra ẹja ní ọjà Rye Lane nígbà tí Tọ́mù, ọmọ abẹ́ mi níbi iṣẹ́, pè mí lórí fídíò.

Ó ní, “Ó ti bímọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò mí. Ṣé kí n wọlé lọ gbé e?”

Mo rí ọmọ náà lórí koríko, kò mira. Mínà fi imú tì í, ó sì kúrò níbẹ̀. Tọ́mù di ilẹ̀kùn mú.

Mo ní, “Má wọlé. Ìyá rẹ̀ á pa ọ́.”

“Ọmọ yìí ń kú lọ o.”

“Tọ́mù, dúró.”

Mummy di apá mi mú. Mínà padà, ó tún fi imú tì í, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọmọ náà sín, ó sì gbọn etí.

Mummy béèrè pé, “Ó ti mí?”

“Ó ti mí, Mummy.”

Wọ́n yíjú sí ẹlẹ́ja. “Ẹ máa gé ẹja yẹn lọ. Ọmọ mi ló ń gbẹ̀bí.”

Ọmọ náà ti ń sáré kiri báyìí. Síbẹ̀, mo ṣì máa ń rántí ọjọ́ yẹn, nítorí nígbà tí mo ní kí Tọ́mù dúró, n kò mọ̀ bóyá ọmọ náà yóò mí.