Àtàǹpàkò Inú Àtẹ́lẹwọ́

Dùm. Dùm-dùm. Ohùn béèsì náà gba ara ògiri wá bá mi lórí ẹní, mo sì dìde bí ẹni tí wọ́n pè lójú àlá. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Ajégúnlẹ̀. Òórùn ẹja tí ìyá mi ń yan ti dàpọ̀ mọ́ òórùn epo ọkọ̀ tí atẹ́gùn ń gbé bọ̀ láti Àpápá. Mo lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà bàbá tí wọ́n ń gbé yàrá kejì sí tiwa, mò ń wo ọwọ́ ọ̀tún wọn lórí gìtá béèsì.

Ìka méjì ni wọ́n fi ń ta á, ọ̀kan á lọ, èkejì á bọ̀. Àtàǹpàkò wọn ò dá sí i. Ó ká sínú àtẹ́lẹwọ́, ó sùn jẹ́ẹ́. Lójú tèmi, ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá, ibẹ̀ gan-an ni àṣírí wà. Tí wọ́n bá lọ síbi iṣẹ́ ọdẹ ní Kírikírì, wọ́n á fi gìtá sílẹ̀ fún mi. Màá ká àtàǹpàkò tèmi náà, màá ta á títí ọrùn ọwọ́ á fi máa ro mí. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, àbí?

Nígbà tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹni tó ń ta béèsì rìnrìn àjò. Mo ní màá ta á. Ọ̀gá akọrin wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n gbé gìtá ṣọ́ọ̀ṣì fún mi. Áà! Ṣe ni okùn tó nípọn jù ń hùn lábẹ́ gbogbo ohun tí mò ń ta, ùùù, bí ẹ̀rọ ìlọta. Àwọn akọrin ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní, "Mo fún ẹ di Sátidé. Tí kò bá dáa, a máa wá ẹlòmíì."

Ẹkún ni mo sun dé ọ̀dọ̀ bàbá.

"Ta á kí n rí i."

Mo ta á. Wọ́n rí ọwọ́ mi, wọ́n dì í mú lójijì.

"Ta ló kọ́ ẹ báyìí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi kẹ̀? Yéè! Abeg, ọmọ mi, egbò mi lo kọ́ yẹn o!"

Wọ́n gbé àtàǹpàkò náà sójú ìmọ́lẹ̀. Kò lè nà mọ́. Àpótí ẹrù ló já lù ú ní wáàfù, ní èbúté Àpápá, kí n tó dáyé. Fóòmù tí wọ́n kì sábẹ́ okùn gìtá wọn, tí mo rò pé nítorí eku ni, òun ló ń pa okùn lẹ́nu mọ́ fún wọn. Gìtá ṣọ́ọ̀ṣì ò ní fóòmù. Àánú wọn ṣe mí, ojú sì tì mí.

Wọ́n mú àtàǹpàkò mi, wọ́n gbé e lé okùn tó nípọn. "Má tẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kó sinmi síbẹ̀. Tó o bá ń sọ̀ kalẹ̀ sórí okùn tó kù, kó máa tẹ̀ lé ẹ, kó máa pa àwọn tó o fi sílẹ̀ lẹ́nu mọ́." Ohùn wọn wálẹ̀. "Báyìí ni mo ṣe ń ta á tẹ́lẹ̀."

Lọ́jọ́ ìkórè, èmi ni mo ta á. Bàbá jókòó níwájú, wọn ò wo ojú mi rárá, ọwọ́ ọ̀tún mi ni wọ́n ń wò. Mo rí àtàǹpàkò wọn lórí itan wọn, ó ń gbìyànjú láti nà.

Bàbá ti dolóògbé báyìí, èmi náà sì ti dàgbà. Àwọn ọmọbìnrin ni mò ń kọ́ ní béèsì, àtàǹpàkò la sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn bá lọ tán, màá ká tèmi sínú àtẹ́lẹwọ́, màá ta orin kan bí bàbá ṣe ń ta á. Okùn tó nípọn á máa hùn. Mi ò ní pa á lẹ́nu mọ́.