Ìbéèrè Tí Wọn Ò Bi Nípa Kúùkù

"Wò mí lójú!"

Ìyá àgbà fọwọ́ gbá tábìlì, ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà fò sókè, ó fọ́n káàkiri ilẹ̀ kíṣìnnì. Mọ́mì mi, abiyamọ tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, gbójú sókè díẹ̀, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ojú tún já wálẹ̀ sínú atẹ. "Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, mi ò lè ṣe é." Ìyá àgbà pòṣé. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ń dún ṣììì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọkọ̀ ojú irin kọjá lẹ́yìn ilé wa, gbogbo abọ́ gbọ̀n jìgìjìgì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, Ṣìkágò la wà, láàárín àwọn ọdún 1980, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo la ẹnu sílẹ̀. Nínú ilé yẹn, èmi ni wọ́n máa ń fìyà jẹ nítorí ojú. "Ẹ wo bó ṣe ń wò mí ranran bí ẹgbẹ́ ẹ̀!" Àbí ayé ti wá dorí kodò ni, tí ìyá ń bẹ ọmọ pé kó ya aláfojúdi?

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó fà á. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Calumet City, nítòsí Ṣìkágò, ni Mọ́mì ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń fún wọn lóúnjẹ, ó ń yí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kan, òrùka ìyá òyìnbó kan dàwátì. Ọ̀gá wọn, obìnrin òyìnbó tó dàgbà ju Mọ́mì lọ dáadáa, pè é sí ọ́fíìsì. Kí lẹ rò pé ọmọ tí Ìyá àgbà tọ́ máa ṣe? Ó kúnlẹ̀, ó wolẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò mú un." Ọ̀gá ní òun ò tíì rí ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ tó ń kúnlẹ̀, tí kò lè wo èèyàn lójú. Ọlọ́pàá dé kí ṣíìfù tó parí. Èèyàn mẹ́rin ló wọ yàrá ìyá yẹn lọ́jọ́ náà. Mọ́mì nìkan ni dúdú nínú wọn, òun nìkan ni wọ́n sì mú.

Wọ́n fi í sílẹ̀ kó máa tilé wá jẹ́jọ́. Bí kóòtù bá ní ó jẹ̀bi, ẹ̀wọ̀n ni, lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n, wọ́n á dá a padà sí Nàìjíríà. Bàbá mi ti kú. Mo máa ń dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kí n máa rò ó pé ta ni yóò wá máa di irun mi.

Ìyá àgbà ti ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ìgbà ooru tó ṣáájú. Nígbà tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà fún wọn, wọn ò sunkún. Wọ́n gbé tẹ̀súbáà sílẹ̀, wọ́n ní, "Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀." Ọjọ́ kejì, bí a ṣe jọ ń ṣa ẹ̀wà, ni wọ́n sọ fún mi nípa bàbá wọn.

"Kúùkù ni bàbá mi. Òyìnbó tó ń ṣàkóso àgbègbè wa ló ń se oúnjẹ fún. Òyìnbó jẹun alẹ́, ó sùn, kò jí. Wọ́n ní kúùkù ló fún un ní májèlé. Ìwé ìròyìn gbé e, kò sí ìlú tí wọn ò ti gbọ́. Bàbá mi dé kóòtù, ó dọ̀bálẹ̀ fún adájọ́. Wọ́n ń bi í léèrè, ó ń wolẹ̀, bí ọmọlúàbí ṣe ń ṣe. Adájọ́ òyìnbó ní ẹni tí ò lè gbójú sókè, ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú. Wọ́n yẹgi fún un. Kò pé ọdún kan, dókítà òyìnbó ti ìsinmi dé, ó ní ọkàn òyìnbó tó kú yẹn ti ń ṣàìsàn tipẹ́. Ó ti bọ́, wọ́n ti pa bàbá mi. Ọmọ apòyìnbó ni wọ́n ń pè mí lójú títì títí mo fi lọ́kọ."

"Kí ló dé tí bàbá yín ò ṣàlàyé?"

"Ta ló bi í?" Ìyá àgbà ju òkúta inú ẹ̀wà sí kọ̀rọ̀. "Àràárọ̀ ló ń dọ̀bálẹ̀ fún òyìnbó yẹn kó tó gbé tíì fún un. Odidi ọdún mẹ́fà! Gbogbo wọn ló mọ̀. Kò sẹ́ni tó dìde pé, kí ọkùnrin yìí tó di apànìyàn lójú yín, báwo ló ṣe máa ń kí yín? Ó lé láàádọ́ta ọdún tí mo ti ń bi ògiri."

Bí ẹ̀kọ́ ojú ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó sú Ìyá àgbà, wọ́n fà mí wá síwájú. "Ìwọ aláfojúdi, kọ́ ìyá ẹ." Mo jókòó sórí àpótí, mo ní, "Mọ́mì, ẹ wo àárín ojú mi, ibi tí imú ti bẹ̀rẹ̀." Mọ́mì wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ẹkún, Ìyá àgbà ní, "Ó tó, ó tó, ó ti ń gbọ́."

Lọ́yà tí kóòtù fún wa, ọkùnrin dúdú ará Amẹ́ríkà kan tó ga bí òpó iná, ní kí Mọ́mì kúkú gbà pé òun jẹ̀bi, kí wọ́n lè fojú àánú wò ó. Mo túmọ̀ ẹ̀ fún Ìyá àgbà. "Sọ fún un pé a ò gbà," ni wọ́n wí. "Sọ fún un kó bi ọ̀gá yẹn pé, kí òrùka tó sọnù, báwo lọmọ mi ṣe máa ń kí i." Mo sọ ọ́. Lọ́yà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní kí n tún un sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, Ìyá àgbà wọ ìró funfun lórí bàtà gígùn tí wọ́n fi ń rìn nínú yìnyín, òórùn kafúrà ń jáde lára ìborùn wọn. Ọ̀gá dìde sọ tẹnu ẹ̀: "Ó kúnlẹ̀, kò wò mí lójú." Lọ́yà wá rìn sún mọ́ ọn.

"Ṣé ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún un yín?"

"Rárá. Àràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí mi."

"Ṣé ó máa ń wò yín lójú láràárọ̀ yẹn?"

"Rárá."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún mẹ́ta. Láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

"Nínú ọdún mẹ́ta náà, kí ló jí?"

Ojú ọ̀gá pọ́n. "Kò jí nǹkan kan."

Obìnrin dúdú kan lẹ́yìn wa pariwo orúkọ Jésù, adájọ́ gbá tábìlì. Ó kan Mọ́mì. Ó dìde, ó gbójú sókè, ó wo adájọ́ òyìnbó yẹn ní àárín ojú. "Mi ò mú un, sà." Kò ṣẹ́jú. Èmi gan-an ò mọ̀gbà tí mo di aṣọ Ìyá àgbà mú.

Adájọ́ ní òun ò rí ẹ̀rí kankan níwájú òun ju pé obìnrin yìí ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó tú ẹjọ́ náà ká.

Yéè! Ẹ ò bá rí Ìyá àgbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù. Ìró fẹ́ já bọ́, wọ́n gbá a mú, wọ́n ń fò, wọ́n ń ké "Alhamdulillahi!" títí ọlọ́pàá fi ń rẹ́rìn-ín. Ibi tí a ti ń yọ̀ ni ọ̀gá Mọ́mì ti jáde. Ẹ gbà mí o, orúnkún Mọ́mì tún ti ń tẹ̀! Ìyá àgbà gbá a nígùnpá mú, wọ́n fà á dìde. "Kì í ṣe tòní," ni wọ́n wí. Wọ́n wá kọjú sí ògiri, ohùn wọn rẹlẹ̀. "Bàbá mi, wọ́n ti dáhùn o."

Nígbà tó yá, Ìyá àgbà padà sílé ní Nàìjíríà, ibẹ̀ ni wọ́n sì kú sí láàárín àwọn èèyàn wọn. Ògbufọ̀ ni mí báyìí ní kóòtù. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà, ojoojúmọ́ ni mò ń rí wọn. Bí wọ́n bá pè mí sí ẹjọ́ ẹnì kan láti ilé wa, tó jókòó, tó ń wolẹ̀, òfin ò gbà mí láyè láti fi ọ̀rọ̀ tèmi kún tiẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó wọlé, mo máa ń sún mọ́ lọ́yà ẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n ní, bi àwọn tó fẹ̀sùn kàn án pé báwo ló ṣe máa ń kí wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn kan máa ń wò mí bíi wèrè. Àwọn tó gbọ́, mo ti rí oníbàárà wọn tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ sílé.