Ìyàwó Tó Pe Orúkọ Mi

Òjò rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kùrukùru ṣì bo gbogbo àdúgbò Arakale, omi ń kán láti etí òrùlé, òórùn ilẹ̀ tútù àti iṣu sísun sì gba agbo ilé wa kan. Kékeré ni mí nígbà náà, eyín iwájú mi méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ni.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí bó ṣe rí láyé ìgbà yẹn. Ọmọ tí ìyàwó bá bá nínú ilé ọkọ, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́, kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Orúkọ dídùn mìíràn ni yóò wá fún un. Àbúrò bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó wálé láti Oǹdó. Ìyàwó wo ẹ̀rín mi, ló bá sọ mí ní Eyínfúnjowó. Nígbà tí eyín wá ká, tó ku ihò, Eyínfúnjowó náà ló ṣì ń pè mí, kò sì fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

Orí mi wú. Tó bá ti pè mí, mo mọ̀ pé omi ni kí n lọ pọn, tàbí kí n wá fẹ́ iná. Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni. Ó dé bá mi nílé ni, kò lè nà mí, kò lè pe orúkọ mi. Kí ló fẹ́ fi mí ṣe?

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìgbín ni mo lọ ń ṣà. Tí òjò bá rọ̀ báyẹn, wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ògiri ilé alámọ̀ àtijọ́ kan lẹ́yìn ilé ìdáná, tí òrùlé rẹ̀ ti wó tipẹ́. Mo lóṣòó síbẹ̀, mo gbé abọ́ tánganran Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbọ́ ohùn Ìyàwó láti ilé ìdáná.

"Eyínfúnjowó!"

Mo tún sún mọ́ ògiri sí i. Ìgbín ńlá kan wà níwájú mi.

"Eyínfúnjowó o! Ọkọ mi, máa bọ̀!"

Mo ní lọ́kàn mi pé kó lọ pọn omi ẹ̀ fúnra ẹ̀.

"Fólúkẹ́!"

Háà! Àfi bí ẹni pé wọ́n fọ́ mi létí. Ìyàwó ilé, kó pe orúkọ mi! Mo fi abọ́ sílẹ̀, mo fi ìgbín sílẹ̀, mo ki eré mọ́lẹ̀ láti lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun Màmá Àgbà. N kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ilẹ̀ fi mì lẹ́yìn mi, gbìì! Ògiri ti wó. Òkìtì amọ̀ ló wà níbi tí mo lóṣòó sí.

Síbẹ̀, ẹnu mi ò dákẹ́: "Màmá, Ìyàwó pe orúkọ mi!"

Gbogbo ilé jáde. Ìyá Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó ń ta iṣu lọ́jà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, na ìka sí Ìyàwó.

"Àwa náà gbọ́ ọ. Lónìí orúkọ ọmọ, lọ́la orúkọ ọkọ, tó bá dọ̀túnla, á pe ti bàbá ọkọ! Kó palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́, kó padà sí Oǹdó, kó lọ mú àwọn àgbà ilé wọn wá bẹ̀bẹ̀."

Òfin ilé wa náà nìyẹn. Ìyàwó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ata tó ń lọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Mo rí i tí ògiri ń fì. Mo pe orúkọ tí ẹ fún mi láyè láti pè, kò dáhùn."

Màmá Àgbà lọ sídìí òkìtì náà. Ó fi ọ̀pá wa amọ̀ títí ó fi rí abọ́ rẹ̀ fà yọ. Abọ́ ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ewé. Ó wò ó, ó wò mí. 

"Fólúkẹ́, o gbọ́ nígbà tó pè ọ́?"

Mo tẹjú mọ́lẹ̀.

"Ìyàwó, dìde. O ò lọ síbì kankan. Mo fún ọ ní orúkọ ọmọ yìí. Máa pè é."

Ìyá Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ. Èmi kúnlẹ̀, mo káwọ́ sókè títí iṣu mi fi tutù.

Títí dòní, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bà mí lẹ́rù. Àìgbọràn méjì ló ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan: tèmi fẹ́ pa mí, tirẹ̀ gbà mí là. N kò kàwé púpọ̀, àmọ́ tí àwọn ọmọ mi bá ń jiyàn bóyá àìgbọràn ń tún ìlú ṣe ni àbí ó ń bà á jẹ́, mo máa ń bi wọ́n pé ta ni ẹni náà ń rò nígbà tó rú òfin. Ìgbín ni èmi ń rò. Èmi ni Ìyàwó ń rò, ó sì mọ̀ pé wọ́n lè lé òun.

Lóde òní, ìyàwó ọmọ mi ń pe orúkọ gbogbo ará ilé, ilé ò sì wó. Ó dáa bẹ́ẹ̀, n kò ní purọ́. Àmọ́ eyín tún ti ń ká lẹ́nu mi báyìí, kò sì sẹ́ni tó máa wò ó tán kó pè mí ní Eyínfúnjowó.

Ọjọ́ kejì ọjọ́ náà ló yà mí lẹ́nu jù. Òjò ti dá, oòrùn yọ. Ìyàwó ti gbàṣẹ, ó lè ké Fólúkẹ́ kí gbogbo Arakale gbọ́. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń retí rẹ̀. Ohùn rẹ̀ jáde jẹ́jẹ́ láti ilé ìdáná: "Eyínfúnjowó."

Kò tíì pè é tán tí mo fi dáhùn, "Mà!" Mo gbé korobá, mo gba ọ̀nà odò lọ.